Ọta Tí Verlin Ò Wọ̀n

Tó bá jẹ́ pé ìwọ̀n ń sọ èèyàn dọba ni, Verlin Stroud ì bá ti dé adé tipẹ́ ní Wyoming. Nínú gáréèjì rẹ̀, ibi tó ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọta ìbọn, á ti orí ọta bọ ẹnu idẹ tó rọ ẹ̀tù sí, á fi irin ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, á fà á jáde bíńtín, á tún un wọ̀n. Ó ní dandan ni kí orí ọta kan ilà inú ọ̀pá ìbọn kó tó gbéra, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní lọ síbi tí wọ́n rán an. Arlys ìyàwó rẹ̀ ń ra tirẹ̀ ní páálí ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ọta inú páálí!" Verlin á yínmú. "Ta ló mọ bí wọ́n ṣe tì í jìn tó?"

"Àgbọ̀nrín tí mo pa ò bi mí, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Lọ́dún yìí, ìbò tí ìjọba fi ń yan ọdẹ mú Verlin láti pa akọ ẹ́líkì kan, ẹran tó jọ àgbọ̀nrín àmọ́ tó tóbi bíi màlúù, lórí òkè. Àtìgbà tí Tessa ọmọ wọn ti wà lẹ́nu ọmú ló ti ń forúkọ sílẹ̀. Tessa náà ti wá bímọ báyìí. Kò jọ pé irú oríire bẹ́ẹ̀ tún máa kàn án mọ́ láyé. Ló bá tún fa orí ọta síta sí i. Àṣejù, baba àṣetẹ́, àmọ́ ta ló máa sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n?

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdẹ, ẹ́líkì kan yọ lọ́ọ̀ọ́kán, lódìkejì wáyà ọgbà, ìwo rẹ̀ yà bí ẹ̀ka igi. A kì í gbé ìbọn tó lọ́ta nínú fo wáyà. Ọmọdé ibẹ̀ gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Verlin fa irin ẹ̀yìn ìbọn kí ọta lè jáde. Idẹ jáde. Orí ọta kọ̀, ó há sínú ọ̀pá ìbọn gbagidi, torí ètè ni idẹ fi dì í mú. Ẹ̀tù dà yàà sínú ìbọn. Irin tó lè fi tì í jáde wà nínú ọkọ̀, nísàlẹ̀ òkè pátápátá.

Omi lé ròrò sójú Verlin. Arlys, tó bá a gòkè wá kó lè wá àgbọ̀nrín tirẹ̀, na ìbọn ẹ̀ sí i.

"Gbà."

"Ọta wo ló wà fún un?"

"Èyí tó máa ń jáde tí wọ́n bá ní kó jáde. Ṣé wàá gbà á, àbí ká lọ gbé irin ìwọ̀n ẹ wá nílé, kí ẹ́líkì jókòó dè wá?"

Ó gbà á, ó fo wáyà, ó ki ọta páálí bọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ló yìn ín, ẹ́líkì ṣubú.

Lọ́jọ́ Sunday, Gaylen, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àìsàn ìwọ̀n, wá bá wọn jẹ ẹran náà.

"Bàbá ọdẹ! Ẹ̀ẹ̀kan péré! Báwo lo ṣe ti orí ọta yẹn jìn tó? Jọ̀ọ́, má fi pa mọ́ fún mi."

Arlys gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán. Verlin jẹ ẹran ẹnu rẹ̀ títí kò fi sí ohun tó kù láti jẹ.

"Mi ò wọ̀n ọ́n."

"Irọ́ lo pa!"

"Inú páálí ló ti wá. Páálí Arlys."

Gaylen wò ó bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Arlys bu ọ̀dùnkún sínú àwo ọkọ rẹ̀.

"Jẹun, olówó orí mi. Mi ò wọn ìyẹn náà."