Èédú Tí Òùngbẹ Ń Gbẹ

Olómi ni wọ́n ń pè é, nítorí òun ló ń bu omi sí erùpẹ̀ irin nílé iṣẹ́ náà láti ọdún mẹ́tàlélógún. Erùpẹ̀ irin kò ṣeé dà sínú iléru ńlá bẹ́ẹ̀; ó kúná jù, atẹ́gùn á kàn gbé e fò lọ ni. Ṣe ni wọ́n ń pò ó mọ́ kóòkù lílọ̀, ìyẹn èédú òkúta tí wọ́n ti sun, àti omi nínú dúrọ́ọ̀mù tó ń yí, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ààrò tó ń rìn, wọ́n á dáná sí i lójú, fáànù ìsàlẹ̀ á sì máa fa iná náà wọlé títí gbogbo rẹ̀ á fi dì pọ̀. Kéèkì làwọn òṣìṣẹ́ ń pe ohun tó bá jáde. Ẹni tó bá bù ú jẹ, eyín rẹ̀ ló máa ròyìn.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, wọ́n ti fi èédú èèpo àgbọn rọ́pò apá kan kóòkù náà, kí èéfín ilé iṣẹ́ lè dín kù. Ta ló sun èédú? Àbúrò Olómi ni, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Olùkọ́ ni obìnrin náà tẹ́lẹ̀. Olómi ló sọ fún un pé, “Sun ún, a ó lò ó!” Àbúrò fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó kó obìnrin mẹ́jọ jọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sun èèpo àgbọn nínú àgbá lẹ́yìn ilé.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dán an wò, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni kéèkì fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹnjiníà ilé iṣẹ́ náà ní tòní ni ìkẹyìn. Bó bá tún fọ́, kóòkù ni wọ́n ó padà sí, àgbá àbúrò á sì di ilé adìyẹ. Ọkàn Olómi ò balẹ̀ rárá.

Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lára èyí tó ń jáde láti inú dúrọ́ọ̀mù, ó dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó la ọwọ́. Ó yẹ kó dúró digbí. Ṣe ló tú ká.

“Ẹnjiníà, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.”

Ẹnjiníà, ọ̀dọ́kùnrin tó nífẹ̀ẹ́ mítà ju àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ, nawọ́ sí mítà omi. “Mọ́mì, omi pé. Ẹ wo mítà.”

“Mo gbà pé ó pé. Ta ló wá mu ún?”

Olómi ṣa èédú kan, ó kán an sí méjì. Inú rẹ̀ tutù rinrin.

“Olè yín rèé. Ihò ló kún inú rẹ̀. Gbogbo omi tí mo bu ló fà mu, erùpẹ̀ irin wá ń wòran. Àlejò lẹ mú wálé, ẹ ò fún un lómi, ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́! Ẹ jẹ́ kó mu yó ná, kó tó wọ dúrọ́ọ̀mù.”

Ẹnjiníà wo mítà, ó wo ọwọ́ Olómi, ó họ orí. “Ó dá yín lójú, Mà?”

“Mo ti ń bu omi sí erùpẹ̀ yìí kí ẹ tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ yín.”

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ọ̀gá mélòó ló máa gbà bẹ́ẹ̀?

Wọ́n da omi lé èédú lórí, wọ́n fi í sílẹ̀ di ọ̀sán, wọ́n wá pò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀kúnwọ́ Olómi dúró bí ẹyin. Lórí ààrò, iná náà kò sáré bíi ti ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́ mọ́. Ó rọra ń wọlẹ̀ lọ. Nígbà tí kéèkì jáde, wọ́n kó o sínú àgbá ìdánwò, wọ́n yí i gbirigbiri, wọ́n jọ̀ ọ́. Ẹnjiníà wọn èyí tó kù lójú asẹ́. Ó tún un wọ̀n. Ló bá ju akoto rẹ̀ sókè.

“Ó le bíi ti kóòkù!”

Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kò sẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ní ìbàdí.

Olómi ò dúró wòran. Ó mú ègé kan tó ti tutù, ó di ẹnu géètì, níbi tí àbúrò rẹ̀ jókòó sí láti àárọ̀.

“Fọ́ ọ.”

Àbúrò là á mọ́lẹ̀. Ó tún là á. Sìmẹ́ǹtì ló ṣẹ́, kéèkì ò mira. Ó ká ọwọ́ lérí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo dáràn! Mo ti pa gbogbo iná láàárọ̀. Mo ní káwọn obìnrin náà máa lọ sílé, pé ó ti parí.”

Ẹnu ya Olómi. “Bó bá ti parí lójú tìẹ, kí lo wá jókòó dè níbí?”

“Ẹ̀yin ni. Mo rò pé ẹ máa sunkún, mi ò fẹ́ kí ẹ dá nìkan rìn délé.”

Olómi sì sunkún lóòótọ́. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń ti àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn pé kó sáré lọ pe àwọn obìnrin rẹ̀ padà.