Ẹ̀rọ Ọlọ́fun Mẹ́ta

"Ẹ fi dùrù yín dáná," ni Oríọlá wí ní pálọ̀ àna rẹ̀ tí kò tíì di àna. "Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ fi se iṣu. Bí ẹ̀rọ mi yìí bá lanu lọ́jọ́ Ìkórè, àwọn áńgẹ́lì á máa béèrè ẹni tó kọ́ ọ lórin."

Ọ̀rọ̀ ńlá lèyí lẹ́nu atúnrédíò-ṣe tó fi bàtà ẹni ẹlẹ́ni rin ìrìn-àjò láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1994 yẹn, ọ̀rọ̀ ńlá nìkan ni kò wọ́n. Epo bẹntiróòlù ti di ohun tí à ń fojú rí lókèèrè, owó oṣù olùkọ́ ti di ìtàn. Dùrù ẹlẹ́sẹ̀ títẹ̀ tó wà nínú ìjọ Áńgílíkà Pápá Ọlábọ̀dé náà ti dákẹ́ láti ìgbà tí eku ti jẹ awọ inú rẹ̀. Kò sówó òmíràn, Ìkórè sì ń bọ̀.

Pápá Ọlábọ̀dé ni baba Adépéjú, Adépéjú sì ni Oríọlá fẹ́ fi ṣaya. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Pápá bi í nígbà tó kọ́kọ́ wá: nígbà tí àwọn èèyàn ń ta rédíò wọn ra gààrí, kí ni ẹni tó ń tún rédíò ṣe máa fi bọ́ ọmọ òun? Ìdí nìyẹn tí Oríọlá fi gbé kọ̀ǹpútà wá.

Kọ̀ǹpútà ọ̀hún kò tóbi ju búrẹ́dì gígùn kan lọ. Bọ́tìnnì ló kún orí rẹ̀, tẹlifíṣàn ni wọ́n sì ń so ó mọ́ kó tó lè sọ̀rọ̀. Olùkọ́ yunifásítì kan tó ń sá lọ sí òkèèrè ló tà á fún Oríọlá, pẹ̀lú àga méjì àti ajá. Oríọlá ti jókòó tì í, ó ti tẹ áńtẹ́ẹ̀mù Ìkórè sínú rẹ̀, dò kan, rè kan, láti inú ìwé orin tí Jethro, ọ̀gá akọrin ìjọ náà, fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó wá so ó mọ́ tẹlifíṣàn Pápá. Orin bẹ̀rẹ̀. Ó ń ta pápápá bí àkàrà nínú epo gbígbóná, ṣùgbọ́n orin ni.

Pápá na ọrùn. Ó sún mọ́ tẹlifíṣàn débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí.

"Mi ò gbọ́ béèsì mi," ló wí.

Pápá Ọlábọ̀dé kéré, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí ti ọmọ adìẹ. Ta ni yóò rò pé òun ni olórí àwọn tó ń kọ béèsì, ohùn ìsàlẹ̀? Òdodo ibẹ̀ ni pé béèsì kò sí nínú ẹ̀rọ náà rárá. Ohùn mẹ́rin lorin ṣọ́ọ̀ṣì ní, ọ̀fun mẹ́ta péré sì ni ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà fún un. Tírébù ni orin fúnra rẹ̀. Ọ́ọ̀tò ni Adépéjú ń kọ. Tẹ́nọ̀ ni ti Jethro tó kọ orin. Béèsì nìkan ni Oríọlá kò mọ olúwa rẹ̀, ló bá yọ ọ́ sọnù.

"Béèsì wà níbẹ̀, Pápá," ló dáhùn kíá. "Tẹlifíṣàn yín ló gbé e mì. Ẹnu tẹlifíṣàn kéré, béèsì sì tóbi."

"Ẹn-ẹ́n?"

"Tí mo bá ti gba ohùn rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ tẹlifíṣàn, tí mo so ó mọ́ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì tààrà, ẹ máa gbọ́ ọ dé Ìdànrè."

Pápá padà jókòó. "Ó dáa. Lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ gbogbo ohùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, béèsì mi ṣáájú, kó àwọn ẹbí rẹ wá kí wọ́n wá mọ̀ wá. Tí mi ò bá gbọ́ ọ, kó ẹ̀rọ rẹ, kó ẹsẹ̀ rẹ."

Adépéjú wo Oríọlá. Oríọlá wo àjà.

Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè-Àró, l'Ákúrẹ́, Ayọ̀dèjì tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn.

"Yọ ọ́ọ̀tò, kó o dá béèsì padà."

"Kí n yọ Adépéjú?"

"Yọ tẹ́nọ̀."

"Kí Jethro lé mi jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Yọ tírébù."

"Ayọ̀dèjì, tírébù ni orin!"

"Ṣé o rí i? Èèyàn ti pọ̀ jù nínú ulé àna rẹ."

Oríọlá gbìyànjú kí ọ̀fun kẹta máa kọ tẹ́nọ̀ àti béèsì pọ̀. Ọ̀fun ọ̀hún ń sáré sókè sódò bí ọkọ obìnrin méjì tí ilé wọn jìnnà síra. Kò kọ tẹ́nọ̀, kò kọ béèsì, ńṣe ló ń dún bíi màlúù tí eegun há lọ́fun. Ó pa á tì. Ó ní ọgbọ́n kan ló kù: kí òun jẹ́ kí ohùn mẹ́ta tó wà ńlẹ̀ dùn débi pé kò ní sẹ́ni tó máa rántí ẹ̀kẹrin.

Èyí gan-an ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ó tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Ó wá áísí tó ń kọrin kàn, kinní dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ bí ọ̀kùn. Ohùn mọ́ gaara níbi tó ti ń jáde lára rẹ̀. Ìgbà tó bá wọ àpótí irin kékeré tó ń po ohùn mọ́ àwòrán fún tẹlifíṣàn ló ń di ẹlẹ́rẹ̀. Oríọlá fi òjé jó wáyà mọ́ ẹsẹ̀ áísí náà, kí ohùn tó dé inú àpótí. Ó fi kàpásítọ̀ kan sí àárín, kí iná má bàa bá ohùn rìn. Ó lu ihò sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó fa wáyà gba ibẹ̀ lọ sínú ańpilifáyà.

Nígbà tó kọ́kọ́ tan án, ó kùn hùùù bí ilé agbọ́n. Oríọlá ṣépè. Ó bọ́ wáyà yẹn, ó fi èyí tó ní aṣọ bàbà lára rọ́pò rẹ̀, èyí tó yọ lára maikirofóònù tó ti kú, ó sì so aṣọ bàbà náà mọ́ ara irin ní apá kan ṣoṣo. Ariwo náà dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Orin jáde, ó mọ́ bí omi àpáta. Ayọ̀dèjì gbé aago oníaago sílẹ̀, ó dìde dúró.

"Oríọlá, ìwọ lo ṣe èyí?"

"Èmi ni," ni Oríọlá wí. "Ta ló tún ń sọ̀rọ̀ béèsì?"

Ọjọ́ Ìkórè pé. Ọkọ̀ ò sí, epo ò sí. Oríọlá rí àyè há sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan, ó fi ìró wé kọ̀ǹpútà, ó gbé e lé itan. Nígbà tí wọ́n dé Òwènà, ìyá kan tó jókòó tì í ní ọmọ rẹ̀ mà mọ oorun sùn o.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó gbígbẹ wà níwájú pẹpẹ. Jethro gbé ọwọ́ sókè, Oríọlá tẹ bọ́tìnnì, ohùn sì tú jáde. Àwọn ìyá ìjọ gbé orí sókè. Tírébù wọlé, ọ́ọ̀tò wọlé, tẹ́nọ̀ wọlé, gbogbo rẹ̀ ń dùn bí oyin. Àyà Oríọlá fẹ̀. Ó ti ń yan aṣọ ìgbéyàwó lọ́kàn.

Ló bá kan béèsì.

Láyé dùrù, ọwọ́ òsì atẹdùrù ni í máa di béèsì mú bí ìgbà tí èèyàn di afọ́jú mú kọjá títì. Lọ́jọ́ yìí, kò sọ́wọ́ kankan. Pápá Ọlábọ̀dé la ẹnu. Ohùn tó jáde láti inú ara kékeré yẹn tóbi bí ìlẹ̀kùn ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó tóbi, ṣùgbọ́n kò sí lágbègbè náà. Orin wà ní Oǹdó, béèsì wà ní Orẹ̀. Àwọn béèsì yòókù sì tẹ̀ lé olórí wọn bí àgùntàn, gbogbo wọn forí lé ọ̀nà Orẹ̀. Ẹ̀rọ mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ibi tí wọ́n máa sá pamọ́ sí. Àwọn èèyàn fi ìwé orin bojú, èjìká wọn ń mì. Fíkà tẹjú mọ́ iṣu bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹ̀rọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ó kọ tiẹ̀ tán, ó dákẹ́. Pápá àtàwọn èèyàn rẹ̀ sì ń bá a lọ ní tiwọn, títí dé Àmín.

Nígbà tí wọ́n délé, Pápá kò bọ́ aṣọ akọrin. Ó jókòó sáàárín pálọ̀, Jethro lápá ọ̀tún, Adépéjú lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ọ̀rọ̀ kan péré," ni Pápá wí. "Ẹ̀rọ yẹn, ṣé ó kọ béèsì ni, àbí kò kọ ọ́?"

Jethro ti yin ẹ̀rọ náà lójú fíkà, kò sì fẹ́ kó di pé orin òun kò pé. Ó tètè gbà á sọ. "Ó kọ ọ́, Pápá. Mo gbọ́ ọ kedere."

Ojú Pápá fà ro. "Tó bá kọ ọ́, a jẹ́ pé èmi ni mo..."

Oríọlá rí i pé ìyàwó ti bọ́ sóun lọ́wọ́. Gbólóhùn kan péré ló kù: kí òun ní bẹ́ẹ̀ ni, ó kọ ọ́. Ó wo baba arúgbó náà nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ dáadáa lórí àga. Oríọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Pápá, béèsì ò sí níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Pápá dìde. Oríọlá ń fi ojú wá ọ̀nà àbájáde.

"Tún un wí!"

"Béèsì ò sí, sà."

"Kò sí!" Pápá fò sókè. "Jethro, o gbọ́? Kò sí! Ta ló lè rìn lórí afárá tí wọn ò tẹ́?" Ó fa Oríọlá dìde, ó dì mọ́ ọn. "Ọmọ olóòótọ́! Kó àwọn ẹbí rẹ wá, àní kó wọn wá!"

Jethro tó gbọ́ béèsì kedere lẹ́ẹ̀kan wá rántí pé òun náà kò gbọ́ nǹkan kan. Adépéjú pàtẹ́wọ́. Oríọlá gbọn eruku àyà rẹ̀, àyà náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. "Mo ṣáà sọ fún yín," ló wí, "pé kò ní sí ohun tí ẹ ò ní gbọ́."

Ìyá Adépéjú yọjú láti ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá Péjú, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń kọ ọ́ nígbà tí dùrù wà," ló wí. "Ariwo dùrù ló ń bò yín. Ẹ wá jẹun."