Irun àti Èékánná Àríyọ̀

Pius tú kókó aṣọ funfun náà lórí tábìlì, ó wo inú rẹ̀, ó sì ta sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó.

"Chineke! Person hair! With finger nail join!"

Ìlà tó wà lẹ́yìn gùn dé ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú. Láti àárọ̀ kùtù làwọn arìnrìn-àjò ti ń tò, nítorí àṣẹ ti wá láti òkè pé kí wọ́n máa fi ọwọ́ tú ẹrù gbogbo ènìyàn, kí wọ́n má fo ẹnikẹ́ni. Tábìlì kan ṣoṣo ló wà, Pius, òṣìṣẹ́ pápákọ̀, nìkan ló sì ń tú ẹrù. Àwọn ènìyàn ti bínú títí, ìbínú ọ̀hún ti sú wọn, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹrù ara wọn ṣe ìran wò. Wọ́n ti rí ìbọ̀sẹ̀ tó ti lu, wọ́n ti rí eyín àtọwọ́dá bàbá kan, wọ́n ti rẹ́rìn-ín sí i. Irun ènìyàn ni wọn kò tíì rí. Gbogbo ọrùn ló nà.

"Who get this bag?" Pius bèèrè, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni báàgì dúró gbọnrangandan níwájú rẹ̀.

Gbọ́lágadé ló ni ín. Irun Àríyọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀, ló wà nínú aṣọ náà, pẹ̀lú èékánná ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ajórin ni Àríyọ̀. Irin ńlá kan ló já lù ú lẹ́nu iṣẹ́ ní èbúté Onne, òkú rẹ̀ kò sì ṣeé gbé rìn jìnnà, ni wọ́n bá sin ín sí Port Harcourt. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sin ín, Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, ti pe Gbọ́lágadé lórí fóònù láti Ìkìrun.

"A kì í fi ọmọ ilé wa sílẹ̀ sí ìdálẹ̀ báyẹn," ni Bàbá wí. "Gé irun rẹ̀, gé èékánná rẹ̀, kí o gbé e wálé fún wa. Ibi tí ìyẹn bá wọlẹ̀ sí, ibẹ̀ la ó máa pè ní sàréè rẹ̀."

Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá wọn. Moríyọ̀, ìyàwó Àríyọ̀, àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń retí. Bí aṣọ funfun yìí kò bá délé, wọn kò ní rí nǹkan kan sin.

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí Gbọ́lágadé sọ. Ó ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Gideon, olùdarí ilé-iṣẹ́ wọn, ló dúró sẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Orí ìlà ni wọ́n ti ṣe kòńgẹ́ ara wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tí Gbọ́lágadé sì sọ fún gbogbo ọ́fíìsì ni pé ará ìlú òun kan ló kú. Old GRA, àdúgbò àwọn olówó, ni Gbọ́lágadé ń gbé, ó ní dírẹ́bà, ó ń bá àwọn ènìyàn ńlá jókòó ní kílọ́ọ̀bù. Àríyọ̀ a máa gbé aṣọ iṣẹ́ tí iná ti jó lójúlójú wọ̀ wá kí i ní ọjọ́ Sátidé, òun a sì tètè mú un gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí àlejò tó rí i. Ojú a máa tì í. Ojú a sì tún máa tì í pé ojú ń ti òun.

"Na ritual!" ẹnì kan kígbe láti inú ìlà. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Gbọ́lágadé gbọ́ bí bàtà Ọ̀gá Gideon ṣe họ ilẹ̀, bí ọ̀gá náà ṣe sún kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

"I no know am," ló wí. "No be my own. Somebody put am for my bag."

Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu òun, kò sì lè dá a padà. Pius fi abala ìwé ìròyìn gbé aṣọ náà kí ọwọ́ rẹ̀ má baà kàn án, ó sì jù ú sínú gárawà ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ tábìlì. Ni ara bá tu gbogbo èrò. Ọ̀gá Gideon sún mọ́ ọn padà, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó di ojú. Ìjòyè ṣọ́ọ̀ṣì ni, kì í fi àdúrà falẹ̀.

"Enemy don fail! Anybody wey send this evil thing, make e go back to am! Back to sender!"

"Amen!" gbogbo ìlà dáhùn.

Ọ̀gá kò tíì la ojú. Ó ń retí ẹnu ẹni tí wọ́n ń gbàdúrà fún.

"Amen," ni Gbọ́lágadé wí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò ṣe Àmín. Ọmọbìnrin agùnbánirọ̀ kan ni, Jemilat, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé kan ní Rumuola. Òun àti Gbọ́lágadé ti kí ara wọn lórí ìlà, ó ti kúnlẹ̀ fún un, ó ti pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ó wo gárawà, ó wo ojú Gbọ́lágadé. Ọmọ Yorùbá ni, ó mọ ohun tí ó rí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ló rọra wí.

Gbọ́lágadé gbé báàgì rẹ̀ bí ẹni tí kò gbédè, ó sì kọjá.

Nínú gbọ̀ngàn ìdúródè, wọ́n ní ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀run, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Èkó kò rí ibi bà sí, kí àwọn èrò jọ̀ọ́ mú sùúrù. Wọ́n mú un títí ó fi tán. Àwọn kan na ẹsẹ̀ sílẹ̀, àwọn kan ń ṣépè fún ìjọba. Ọ̀gá Gideon ní tirẹ̀ ti rí ìtàn sọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, yóò na ìka sí Gbọ́lágadé, yóò ní ẹ wá wo ẹni tí Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Gbogbo ìgbà tó bá tún un sọ ni idán náà ń le sí i, títí irun fi di orí ènìyàn odindi. Àwọn ènìyàn ń bọ Gbọ́lágadé lọ́wọ́. Ó ń gba ọwọ́ wọn.

Láti orí àga rẹ̀, ó ń rí gárawà náà. Ó rí i bí Pius ṣe ń da èèpo ọ̀sàn lé e, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, bébà tí ẹnì kan fi nu imú. Gbogbo rẹ̀, orí Àríyọ̀ ló ń bọ́ lé. Àríyọ̀ tó kọ́kọ́ dé Port Harcourt nínú àwọn méjèèjì. Àríyọ̀ tó ní yàrá kan péré, tó fi bẹ́ẹ̀dì fún àbúrò, tí òun sì ń sùn lórí ẹní títí àbúrò fi ríṣẹ́. Bí wọ́n bá jọ ń lọ lójú pópó, kò sí ẹni tí Àríyọ̀ kò ní dá dúró: "Àbúrò mi rèé o! Ọmọ ìyá mi gan-an!" Ìyá ẹlẹ́pà gbọ́ ọ rí, ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ gbọ́ ọ rí.

Ó ní tí Ọ̀gá bá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, òun yóò dìde. Ọ̀gá kò lọ síbì kankan. Nígbà tó yá, obìnrin tó ń gbálẹ̀ wọlé, ó gbé gárawà náà lé orí, ó sì gba àárín àwọn àga kọjá. Ó dé iwájú Gbọ́lágadé gan-an. Bí ó bá na ọwọ́, yóò tó o. Ọ̀gá Gideon ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ojú gbogbo ènìyàn wà lára rẹ̀. Gbọ́lágadé fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí obìnrin náà lè ráyè kọjá.

Ìgbà tí oorun gbé Ọ̀gá lọ ló tó dìde. Pius ní bí ó bá jáde, ẹ̀yìn ìlà ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀. Ó jáde. Ó ń sáré nígbà tó dé ẹ̀yìn ilé, ṣùgbọ́n èéfín ti ń rú níbẹ̀, obìnrin agbálẹ̀ náà sì ń fi igi ro iná.

"Madam, abeg, one white cloth dey inside. Na my brother."

Bó ṣe jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ nìyẹn, níbi tí kò sí ẹni tí yóò gbọ́.

"Ewo!" Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé àyà. "Oga, everything don burn o."

Ó gba igi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú eérú pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ fún un, ó ń tú u. Ìdérí ìgò ló rí, àti wáyà. Nǹkan kan tó jẹ́ ti Àríyọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, òórùn nìkan ló kù. Ó sunkún níbẹ̀, obìnrin náà sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un.

Níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ó ra abẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta sìgá. Ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà ní ìta, ó ti ilẹ̀kùn. Kò ronú púpọ̀; bí ó bá ronú, kò ní lè ṣe é. Ìyá kan, bàbá kan, ṣebí irun kan náà ni? Bàbá Àgbà kò ní mọ̀. Moríyọ̀ yóò rí nǹkan sunkún lé lórí. Ó fá irun ẹ̀yìn orí rẹ̀ sórí hánkáṣíìfù funfun tirẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó gé èékánná ẹsẹ̀, ó bọ́ sí ti ọwọ́. Abẹ ń jẹ ẹran ìka, kò sì dúró. Nígbà tó di kókó náà tán, ẹ̀rù bà á, nítorí irun òun fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, inú sàréè ló sì ń lọ.

Ìgbà tó fi máa padà sórí ìlà, ọkọ̀ ti balẹ̀. Àwọn èrò ti dìde, wọ́n ti kún iwájú ilẹ̀kùn, Ọ̀gá Gideon sì ń na ọrùn wá a kiri. Pius tú báàgì. Ó kan aṣọ náà, ó tú kókó rẹ̀, ó sì gbé ojú sókè.

"Oga. You again?"

Gbọ́lágadé sọ̀rọ̀ sókè kí ó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jìnnà jù.

"Na my brother. My senior brother, same mama. Na my own since morning. Shame catch me, I lie. I don go pick am from where dem dey burn dirty."

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àfi èyí tó sọ gbẹ̀yìn.

Ó ń retí ẹ̀rín. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Pius ṣí fìlà iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di kókó aṣọ náà padà, jẹ́jẹ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Sorry, oga. Our people too dey carry their own go house. Why you no talk since?"

Ìlà yà sọ́tùn-ún sósì fún un láti kọjá. Ọ̀gá Gideon wá pàdé rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"I pray against your brother," ló wí. "Forgive me. And you enter inside dustbin go carry am. You be correct brother."

Gbọ́lágadé di aṣọ náà mú. Ṣé ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ náà kò ju èyí lọ? Ká ní ó sọ ọ́ nígbà náà ni, wọn ìbá ṣí fìlà, wọn ìbá yà lọ́nà, Àríyọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọn ìbá sì ṣe é fún.

Jemilat kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Ẹ kú ọ̀fọ̀, sà. Kí lorúkọ wọn?"

"Àríyọ̀."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọwọ́ Gbọ́lágadé mú, pẹ̀lú aṣọ tó wà nínú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Àríyọ̀, ẹ rọra máa lọ o. Ilé lẹ ń lọ."

Ìgbà náà ni Jemilat wo ìsàlẹ̀. Ó rí àwọn ìka náà, bí wọ́n ṣe gé èékánná wọn wọnú ẹran, tí ẹ̀jẹ̀ kò tíì gbẹ lára wọn. Ó wò wọ́n pẹ́. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó dìde, ó sì gba ọ̀nà ibi tí ọkọ̀ wà lọ láìwẹ̀yìn.

Ọ̀gá Gideon gba báàgì lọ́wọ́ Gbọ́lágadé, kí ó lè fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.