Ọjọ́ Tí Nusrat Béèrè Ìdí-Igi

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àbúrò kì í wo ojú ẹ̀gbọ́n kó ní òun kò ṣe. Ó lè fà á tì, ó lè díbọ́n pé òun kò gbọ́, ó lè ní orí ń fọ́ òun. Ṣùgbọ́n kó la ẹnu kó ní rárá, ìyẹn kò sí nínú ẹ̀kọ́ ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló wà tí àbíkẹ́yìn lè sọ tí gbogbo àgbà ilé á fi fetí sílẹ̀, wọn ì báà máa bínú, nítorí kì í ṣe ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́, ẹnu ìyá tó bí i ni. Ọ̀rọ̀ náà ni ìdí-igi. Ẹni tó bá pè é ń sọ pé kí a má fi iye ọmọ pín ohun ìní bàbá, kí a fi iye ìyàwó pín in. Ìyàwó mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta. Ìyá kan ì báà bí ọmọ kan, ì báà bí ogún. Ẹni tí èyí kò bá tẹ́ lọ́rùn ló ń pe orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀ lọ́gbọọgba. Agbo ilé tí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò tíì dà rú rí, ẹ jẹ́ ká gbà pé ìyàwó kan ṣoṣo ni bàbá wọn fẹ́.

Bàbá Nusrat, Alhaji Àlàó ti Ìdúmàgbò, fẹ́ mẹ́ta. Ìyáálé bí ọmọ mẹ́rin, ìyàwó kejì náà bí mẹ́rin, Hàlímọ̀ tó jẹ́ ìyàwó ìkẹyìn bí Nusrat nìkan, kò sì bí mọ́. Èbúté Apápá ni Alhaji ti ṣiṣẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra mọ́tò, ṣíà, ìyẹn ìpín, ló lọ rà ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Gáàsì Etíkun, àwọn tó ń fi páìpù gbé gáàsì lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní owó tó fi ra afẹ́fẹ́, ó mà pọ̀ o. Alhaji ní ilé ni òun rà. Ó ní ilé bàbá ẹni kì í ṣe ohun títà, owó ilé là ń gbà. Lóòótọ́, bí owó ilé ni èrè ṣíà náà ṣe ń wọlé lọ́dọọdún. Kó tó kú, ó fi ọmọ kan láti ọ̀dọ̀ ìyá kọ̀ọ̀kan ṣe alámòójútó rẹ̀: Tìjání tó jẹ́ dáwódù, Hàwáwù tó jẹ́ àkọ́bí ìyàwó kejì, àti Nusrat. Bí ẹnì kan nínú wọn kò bá fọwọ́ sí i, kò ṣe é tà. Ó ní kí èrè náà máa tún ilé ṣe, kó sì máa tọ́jú àwọn ìyàwó òun.

Àwọn ìyàwó méjì àkọ́kọ́ ti tẹ̀lé ọkọ wọn lọ. Hàlímọ̀ nìkan ló kù, nínú yàrá tó kọjú sí kànga, àtọ̀gbẹ sì ti bá a wọ̀yá ìjà láti ọdún pípẹ́. Lójoojúmọ́ ló ń gba abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ náà ń fẹ́ fíríìjì, fíríìjì ń fẹ́ iná, iná Èkó sì ń fẹ́ jẹnẹrétọ̀. Èrè gáàsì ló ń gbọ́ gbogbo bùkátà yìí. Ṣọ́ọ̀bù híjáàbù tí Nusrat ní lẹ́bàá Bàlógùn ń bọ́ òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé oògùn yẹn.

Ìgbà tó yá ni ọjà ṣíà wó. Àwọn òyìnbó tó kó owó wá kó owó wọn lọ, ṣíà gbogbo sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ bí àgbálùmọ̀ tó ti pọ́n jù. Lẹ́yìn Jímọ̀ kan, Muqtadir, àbúrò Hàwáwù tó ń ta fóònù, pe gbogbo wọn jọ sí pálọ̀ ìsàlẹ̀. Ó na fóònù ọwọ́ rẹ̀ sí Tìjání.

"Ẹ wò ó, Bọ̀ọ̀dá mi. Pupa ni gbogbo ẹ̀. Bó ṣe ń lọ yìí, ó máa tó dòfo. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìkòyí ní ká sáré tà á, ká sọ ọ́ di dọ́là. Kí oníkálùkù gba tiẹ̀, orí-ò-jorí, ká lọ sùn."

Tìjání kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Òun ni dáwódù. Bí ohun tí bàbá fi sílẹ̀ bá rì mọ́ ọn lọ́wọ́, òun ni àdúgbò yóò máa fi ṣe àpèjúwe títí ayé. Ó wo fóònù náà, ó mí kanlẹ̀.

Nusrat kúnlẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, èrè yẹn la fi ń ra oògùn Màmá."

"Tá a bá pín in, wàá fi tìẹ rà á," Hàwáwù dáhùn.

"Àǹtí mi, tèmi ò lè ra oògùn ọdún kan. Èrè yẹn ò sì dáwọ́ dúró rí."

"Ṣé gbogbo wa máa wá bá oògùn rì ni?" Muqtadir béèrè.

Kò sẹ́ni tó bá a wí. Tìjání ní ó ti tó, pé Ọlọ́run á la ọ̀nà oògùn, pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé ní Tinúbú láti fọwọ́ sí i. Nusrat ní ó dáa, sà. Kí ló tún fẹ́ sọ?

Kò lọ sílé. Ó gba Tinúbú lọ kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì, lọ bá Ìyìnolúwa, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń bá wọn mójú tó ṣíà náà. Ìyìnolúwa fún un ní omi tútù, ó sì ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọjà ló wó, Mà, ilé-iṣẹ́ yẹn ò wó. Àwọn tó ń fi gáàsì wọn ṣiṣẹ́ ṣì ń rà á. Àwọn adarí wọn máa jókòó lóṣù tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá kéde dífídẹ́ńdì, ìyẹn èrè ọdún yìí, wọ́n máa dá ọjọ́ kan. Ẹni tí ṣíà bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ló máa gba èrè. Ẹni tó bá ti tà á ṣáájú, ó ti tà á tèrè-tèrè."

"Ṣé wọ́n máa kéde ẹ̀?"

"Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà, Mà. Irú ọdún yìí, ẹlòmíì ò san nǹkan kan."

Bí Nusrat ṣe ń fẹsẹ̀ rìn padà sí Ìdúmàgbò, ọ̀rọ̀ náà ń yí po nínú rẹ̀. Oṣù kan tàbí méjì ni ohun tó nílò. Kò lè ní rárá. Kò lè ní òun ṣàìsàn títí oṣù méjì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, tó fún un ní abẹ́rẹ́ ìrọ̀lẹ́, arúgbó náà béèrè ohun tí wọ́n ń sọ ní ìsàlẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ àtúnṣe òrùlé ni. Ìyá náà ṣàdúrà fún gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ kí ti Muqtadir gùn díẹ̀, nítorí ó ní ọmọ náà kì í jẹun dáadáa. Níbi tí Nusrat ti ń ṣe àmín ni ohun tó máa ṣe ti wá sí i lọ́kàn, ojú sì ti kọ́kọ́ tì í kó tó ṣe é.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Tìjání fọwọ́ sí ìwé náà. Hàwáwù fọwọ́ sí i, ó sún un fún Nusrat. Nusrat gbé bírò náà sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ká tó tà á, mo fẹ́ ká gbà pé ìdí-igi la máa fi pín in."

Muqtadir tó bá wọn wá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ìgbà tó rí i pé kò bá òun rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyẹn ni pé ìwọ nìkan máa gbé ìdá kan nínú mẹ́ta, àwa mẹ́rin á wá máa du ìdá kan?"

"Ìyá mẹ́ta ni Bàbá fẹ́, Bọ̀ọ̀dá mi."

Hàwáwù kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Òun ló pọn Nusrat dàgbà, òun ló fún un ní ọjà tó fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Ó mú báàgì rẹ̀. "Ẹ̀yìn mi yìí lo sùn lé," ó wí, ó sì jáde.

Tìjání ká ìwé náà. Bí ọmọ bá ti sọ̀rọ̀ lórúkọ ìyá rẹ̀, dáwódù kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, gbogbo ayé ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó di ọ̀ràn tí wọ́n máa gbé lọ bá àwọn àgbà ẹbí ní Òkè Pópó. Ta ni kò sì mọ bí ìpàdé ẹbí ṣe ń rìn? Àgbà kan ti lọ wo ọmọ rẹ̀ ní Ìlọrin. Nígbà tó dé, èkejì ní òun fẹ́ gbọ́ tẹnu ojúlé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbà tó gbọ́ tán, fídáù kan dé, ìsọmọlórúkọ méjì tẹ̀lé e. Ohun tí Nusrat gbójú lé gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé yóò dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Hàwáwù ò bá a sọ̀rọ̀, ó wá ń bá gbogbo àdúgbò sọ̀rọ̀. Láti Àgàrawù dé Ìsàlẹ̀ Gàngàn, kò sí ojúlé tí wọn ò ti gbọ́ nípa àbíkẹ́yìn tó fẹ́ jẹ ogún ẹ̀gbọ́n mẹ́jọ. Nínú àsàlátù ọjọ́ Sọ́ńdè, Nusrat jókòó sórí ẹní, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì rọra fa aṣọ rẹ̀ mọ́ra. Ṣíà náà ò kúkú ràn án lọ́wọ́, ńṣe ló ń lọ sílẹ̀ sí i. Ní àràárọ̀ ni Muqtadir ń fi iye tó já sí ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, láìsí ẹ kú àárọ̀, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ̀rù ba Nusrat. Bí wọn ò bá kéde èrè kankan, òun ni yóò ti ba ohun ìní bàbá jẹ́, ìyá òun ò ní rí oògùn, orúkọ òun á sì ti bàjẹ́ lásán. Ó ń kírun, ó ń gbàgbé iye rákà tó ti kí.

Òwúrọ̀ kan tó ń wọn híjáàbù fún oníbàárà ni Ìyìnolúwa pè é.

"Wọ́n ti kéde ẹ̀, Mà. Ó tiẹ̀ ju tèṣí lọ."

Nusrat jókòó sórí aṣọ títà. Oníbàárà náà béèrè bóyá ìròyìn burúkú ni. Ó mi orí. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, àfi ìgbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá tán, tí ẹnikẹ́ni ò lè fi ìwàǹwára sọ èrè náà nù mọ́.

Ọjọ́ tí owó náà wọlé, gbogbo wọn tún pé sí pálọ̀ ìsàlẹ̀. Ṣíà náà ò tíì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti yíjú sókè. Ara Tìjání ti balẹ̀, ó ń nu ojú rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ló yọ wọ́n, pé ká ní wọ́n tà á lọ́jọ́ yẹn, òun ò mọ ẹsẹ̀ tí òun ì bá gbé lọ bá bàbá àwọn. Muqtadir ní òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé ṣíà náà dára. Wọ́n jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Tìjání wá kojú sí Nusrat. "Àwọn àgbà Òkè Pópó ti dájọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹ tọ̀nà, pé ìdí-igi ni àṣà wa. Ọjọ́ yòówù ká pín in, ọ̀nà mẹ́ta ni."

Hàwáwù ń wo ògiri.

Nusrat kúnlẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, mi ò fẹ́ ìdí-igi. Tọ́jọ́ pínpín bá dé, orí-ò-jorí ni kẹ́ ẹ fi pín in. Èmi ò ju ọmọ kan lọ."

"Kí wá ni gbogbo ìjà yẹn?"

"Ọjọ́ kan ni mo fẹ́ kó kọjá, kẹ́ ẹ tó tà á. Torí oògùn Màmá ni. Mi ò lè wojú yín kí n ní rárá."

Tìjání ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi ń fa omi ojú. Ó ní láti òní lọ, oògùn ìyá ni wọn yóò máa kọ́kọ́ yọ kí wọ́n tó yọ ti òrùlé, pé títà ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Gbogbo wọn ṣe àmín. Nusrat bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìtijú.

Hàwáwù yíjú kúrò lára ògiri. "O gbọ́ ohun tí mo sọ nípa ẹ ní Àgàrawù?"

"Mo gbọ́, Àǹtí mi."

"Ti Ìsàlẹ̀ Gàngàn ńkọ́?"

"Ìyẹn náà débí."

"O sì dákẹ́."

"Ká ní mo sọ̀rọ̀, ẹ̀ bá ti tà á. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, Àǹtí mi. Ẹyin lohùn, tó bá ti balẹ̀, kò ṣe é kó mọ́."

Hàwáwù dìde, ó tún gèlè orí rẹ̀ wé. Ó ní kí Muqtadir lọ jókòó ti Màmá títí àwọn á fi dé, kó sì jẹun níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ Nusrat mú, ó fà á nílẹ̀.

"Wọ híjáàbù ẹ. Ilé tí mo ti ba orúkọ ẹ jẹ́ pọ̀, ká tètè bẹ̀rẹ̀."