Kásẹ́ẹ̀tì Tí Kò Lórúkọ Lára

Inú pépà funfun ni Afínjú di kásẹ́ẹ̀tì náà sí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó ti lẹ pépà kékeré mọ́ ọn lára, ó kọ "Ìsìnkú Ẹ̀gbọ́n" sí i, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tò bí ọmọ ilé ìwé. Àmọ́ igun rẹ̀ ni ojú mi lọ. Igun náà ti jó díẹ̀, níbi tí ọkọ mi ti gbàgbé irin gbígbóná tó fi ń lẹ wáyà tì í.

"Níbo lẹ ti rí èyí?" mo bi í.

"Nínú yàrá ẹ̀gbọ́n ni. Kásẹ́ẹ̀tì oníkámẹ́rà tán láàárọ̀ ìsìnkú, mo wá rántí pé wọ́n pọ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyàwó wa. Mi ò fọwọ́ kan èyí tí wọ́n kọ nǹkan sí lára. Òfìfo ni mo mú."

Afínjú ni àbúrò ọkọ mi. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí mo wọlé wọn, nítorí kò lè rí bẹ́ẹ̀dì tí wọn kò tẹ́ kó má tẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ yẹn, orúkọ náà korò lẹ́nu mi.

"Kì í ṣe òfìfo," mo ní. "Ẹ ti pa á rẹ́."

Ọkọ mi ló ń yí fíìmù nílé sinimá kí wọ́n tó tì í pa. Àwọn fíìmù tí èrò ń tìtorí wọn já ilẹ̀kùn kò jọ ọ́ lójú. Èyí tí àga ṣófo sí ló ń wá: fíìmù Amẹ́ríkà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ti gbàgbé. Á máa tú àpótí àwọn tó ń ta ọjà àlòkù wò bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ó rí èyí tí kò lóhùn rárá, tí obìnrin alágbàfọ̀ kan ń fi ojú lásán sọ̀rọ̀ títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó rí ti àwọn tó ń da màlúù, tí ẹnì kankan kò yìnbọn nínú rẹ̀. Ó rí ti ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Kò sí iwin kankan níbẹ̀, síbẹ̀ n kò lè dá lọ sí ilé ìdáná lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀sán Sátidé la máa ń wò wọ́n, èmi àti òun, lórí àga gígùn kan. Tí a bá wò ó tán, á fi orúkọ iṣẹ́ mi pè mí, á ní, "Tíṣà, ṣé ó yẹ lórúkọ?" Tí mo bá ní ó yẹ, ìgbà náà ni yóò tó kọ orúkọ fíìmù sí i lára, tí yóò sì ṣẹ́ ike kékeré tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹ̀rọ má bàa gbà kí a ká nǹkan mìíràn lé e. Èyí tí a kò bá tíì wò tán, kò ní í kọ nǹkan kan sí i.

Ìdajì la wo èyí tí Afínjú mú. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti já kó tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ sì ti bá a lọ. Ọkọ mi ní tí a bá wò ó parí, àwa fúnra wa yóò sọ ọ́ lórúkọ. Obìnrin kan ló ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì. Ó rí ẹ̀wù òtútù kan tí ẹnì kan gbàgbé sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, ó ń wá ẹni tó ni ín. Ó ti na ọwọ́ láti kan ilẹ̀kùn ilé tó gbẹ̀yìn ní òpópónà nígbà tí ọkọ mi dá ẹ̀rọ dúró.

"Ó ti rẹ̀ mí," ó ní. "Má wò ó láìsí mi o."

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, kò padà wálé. Mo sọ fún ara mi pé tí ọkàn mi bá gbà á, n ó wò ó parí, n ó sọ ọ́ lórúkọ, n ó ṣẹ́ ike rẹ̀. N kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Fíìmù lásán?" Afínjú ní. "Ìyàwó wa, n ó ra mẹ́wàá fún yín lọ́la."

"Ẹ ra ẹyọ kan yẹn."

Kò rí i rà. Èmi náà lọ bá àwọn tó ń ta ọjà àlòkù. Wọ́n ní kí lorúkọ ẹ̀, mo ní kò ní. Wọ́n ní ta ló ṣe é, mo ní n kò mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, ẹ lọ sùn, bóyá ẹ máa rí ìparí ẹ̀ lójú àlá." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

Mo ju kásẹ́ẹ̀tì Afínjú sórí kọ́bọ́ọ̀dù, n kò yà sí i mọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tún wá, lọ́sàn-án Sátidé kan.

"Àwọn ará ilé ń bi mí," ó ní. "Wọ́n ní ṣé ẹ ò fẹ́ rí ìsìnkú ọkọ yín ni. Èmi náà ò tíì wò ó. Ẹ̀yin ló tọ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó."

"Mú un wá," mo ní. "Jókòó, ká wò ó."

N kò sọ̀rọ̀ sí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi lórí àga gígùn náà. Bí ìṣe rẹ̀, ó kọ́kọ́ dá kásẹ́ẹ̀tì padà dé ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Nígbà tí àwòrán yọ, ọkọ̀ búrẹ́dì ló yọ.

"Ẹ wò ó," ó ní, bí ẹni tí wọ́n dá láre. "Mi ò pa á rẹ́. Fíìmù yín rèé."

Ó ti yé mi. Ọkọ mi kò dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, oníkámẹ́rà sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá a. Mo mọ ibi tí yóò ti já.

Fíìmù náà wọ Afínjú lára. Ajá kan sáré lé ọkọ̀ búrẹ́dì, Afínjú rẹ́rìn-ín gan-an bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń rín in, ìyẹn tún bí mi nínú. "Tó bá jẹ́ èmi ni," ó ní, "n ó ti wọ ẹ̀wù náà lọ sílé, ọ̀rọ̀ parí."

Obìnrin náà dé ilé tó gbẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Pósí ọkọ mi ló yọ.

A wo ṣọ́ọ̀ṣì. A wo èmi nínú aṣọ dúdú, tí wọ́n di apá mi mú. A wo Afínjú, tó ń to òdòdó orí pósí kí ó má bàa wọ́.

"O kúkú tò ó dáadáa," mo ní.

Wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ tán. Àwòrán dàrú, ó ń ta pàrà funfun. Afínjú na ọwọ́ sí ẹ̀rọ.

"Má fọwọ́ kàn án."

Ọkọ̀ búrẹ́dì padà wá. Obìnrin náà ń wà á jáde nílùú. Ẹ̀wù òtútù náà wà lọ́rùn rẹ̀, ó bá a mu bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n fi rán an. N kò lè sọ bóyá ó ń sunkún tàbí ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ náà kéré títí a kò fi rí i mọ́. Ó parí.

Afínjú sún mọ́ iwájú àga. "Ṣé òun ló wá ni ẹ̀wù náà ni? Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un? Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn?"

"Èmi lò ń bi?" mo ní. "Ibẹ̀ lo sin ẹ̀gbọ́n rẹ sí."

Afínjú yọ kásẹ́ẹ̀tì, ó fi èékánná ká etí pépà tó lẹ̀ mọ́ ọn. "Ẹ jẹ́ n ṣí i kúrò," ó ní, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Kí lẹ fẹ́ sọ ọ́? Kí n kọ ọ́."

"Fi í sílẹ̀. O ti sọ ọ́ lórúkọ."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti ẹnu ọ̀bẹ bọ ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì, mo ṣẹ́ ike náà. Ó ta lọ sábẹ́ àga. Afínjú kúnlẹ̀, ó ń wá a kó lè ṣà á kúrò nílẹ̀. Mo jẹ́ kó máa wá a.