Fèrèsé Apá Òsì

Ọgbọ̀n ọdún ni Visalakshi ìyàwó mi ti ń retí àtiwo àfonífojì láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin tó ń gòkè lọ sí Ooty, ìlú orí òkè kan ní Íńdíà. Apá òsì ni àfonífojì náà wà. Ní Mettupalayam, ibùdó tí a ti wọkọ̀, mo wo ibi tí ẹ́ńjìnnì wà, mo ju aṣọ ìnujú mi gba fèrèsé sórí ìjókòó apá òsì láti fi gba àyè. Kò sẹ́ni tó jẹ́ gbé e kúrò.

Ọkọ̀ gbéra. Mo ti gbàgbé pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì yìí ti ń ti ọkọ̀ gòkè. Òsì mi di ọ̀tún. Àpáta nìkan la rí.

"Bàbá Kavitha, ṣé àpáta lẹ mú mi wá wò?"

"Ibí tutù ju ilé lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí agolo ìrẹsì alájàgbọn. Òórùn rẹ̀ gba inú ọkọ̀. Ọkùnrin tó wà ní fèrèsé òdìkejì yíjú sí wa.

"Ìyá, ẹ wá jókòó síbí. Màá bá yín ṣọ́ ìrẹsì yẹn."

"Ṣíṣọ́ ni àbí jíjẹ?"

"Méjèèjì ni, mà."

Kó tó sọ tán, Visalakshi ti dìde. Atẹ́gùn tútù fẹ́ sí i lójú, àfonífojì ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ó fà mí lọ́wọ́ bí ọmọdé. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí a fi dé ibùdó Coonoor lójú ọ̀nà.