Síńgílẹ́ẹ̀tì Abẹ́ Ṣẹ́ẹ̀tì

Ẹnu aránṣọ yìí mú ju sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ lọ. Bí bọ́tìnnì oníbàárà bá já, á ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kó tó kí i káàbọ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tí ọkọ rẹ̀ di àyà mú lórí àga lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí òógùn tútù bò ó, síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ya lábíyá lojú obìnrin náà kọ́kọ́ lọ.

"Pe áńbúláǹsì. Àfi bíi pé wọ́n gbé òkúta lé mi láyà."

"Kí wọ́n wá bá yín báyìí? Ọkọ aránṣọ! Oúnjẹ àná ló ń yọ yín lẹ́nu jàre."

Ó ki áyọ́ọ̀nù bọ iná. Ó fá irùngbọ̀n ọkọ rẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé fọ́tò la fẹ́ lọ yà ni?"

Aránṣọ gbé áyọ́ọ̀nù. Ó lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó lọ apá, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ìgbà tó fẹ́ bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, ọkọ rẹ̀ kò lè gbé apá òsì mọ́. Ló bá fi ṣẹ́ẹ̀tì bo àkísà náà mọ́lẹ̀, ó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ fóònù.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kò tiẹ̀ wo kọ́là. Ó ki sísọ́ọ̀sì bọ ṣẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀, fàà, ó dọ́rùn. Síńgílẹ́ẹ̀tì yọjú. Aránṣọ fi báàgì bojú. Ta ló wò ó? Nọ́ọ̀sì gé òun náà dànù, ó lẹ wáyà mọ́ àyà.

"Mọ́mì, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n?" dókítà bi í.

"Ṣẹ̀ṣẹ̀ ni. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni mo pè yín."

"Ẹ rò ó dáadáa o. Ẹ̀jẹ̀ ló dì lọ́kàn wọn. Oògùn tá a máa fi tú u, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ la fi ń mọ èyí tó yẹ."

Aránṣọ wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó.

"Irọ́ ni mo pa." Ohùn tó máa ń dé ìkángun àdúgbò kò dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ sọ ọ́ síta, mọ́mì."

"Mo ní irọ́ ni mo pa! Ó ti ń dùn wọ́n kí áyọ́ọ̀nù tó gbóná. Mo fá irùngbọ̀n wọn, mo lọṣọ, kí n tó pè yín. Ó ti lé ní wákàtí kan!"

Gbogbo ojú yí sí i. Dókítà kò bú u. Ì bá sàn kó bú u.

"Oògùn náà ṣì bá a mu. Nọ́ọ̀sì, gbé e wá."

Bí oògùn ṣe ń wọlé, ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ra àgbọ̀n.

"Ó kúkú fá a dáadáa," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àkísà méjèèjì nílẹ̀, ó ń ká wọn, kò mọ ibi tó máa gbójú sí.